Iṣẹ́ Ló Pààrọ̀ Ọwọ́: Ìmúrasílẹ̀ De Aláìsàn Tó Ń Ti Ọsibítù Bọ̀ Wálé

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn ìyá àdúgbò wa n'Íbàdàn nìyí. Àwọn tí kò lè wá ló ń bèèrè rẹ̀, mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin bàbá mélòó kan tí ẹ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Ìyá ẹgbẹ́, mo dúpẹ́ pé ẹ rántí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé lọ́wọ́lọ́wọ́ tí ẹ ṣì ráyè wá síbí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí jù: ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ọlọ́run á fún yín lókun.

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹnì kan bá wà ní bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ènìyàn mélòó ló ń tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Àwọn nọ́ọ̀sì kan wá láàárọ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ fún àwọn ọ̀sán, àwọn ọ̀sán gbé e fún àwọn òru. Ọ̀wọ́ mẹ́ta nìyẹn. Ẹ fi dókítà kún un, ẹ fi ẹni tó ń na apá àti ẹsẹ̀ fún un kún un, ẹ fi ẹni tó ń pín oògùn kún un, ẹ fi ẹni tó ń nu ilẹ̀ kún un. Ó dáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá sọ pé, "Ẹ máa gbé bàbá lọ sílé," ṣé iṣẹ́ yẹn tán ni? Kò tán. Iṣẹ́ ló pààrọ̀ ọwọ́. Ọwọ́ ta ló wá bọ́ sí?

(Ẹnì kan dáhùn láàárín èrò: "Ọwọ́ ìyàwó!")

Ẹ ṣeun. Ọwọ́ ìyàwó. Tàbí ọmọbìnrin tó ń gbé nítòsí. Tàbí ìyàwó ọmọ. Iṣẹ́ ọ̀wọ́ mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló gbé e, tọ̀sán tòru, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ohun tí mo bá wá síbí nìyí, òun náà ni n óò sì máa tún sọ títí n óò fi jókòó: iṣẹ́ ló pààrọ̀ ọwọ́, kí á mọ ọwọ́ tó ń bọ́ sí kí ọkọ̀ tó kúrò ní géètì ọsibítù.

Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ni n óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo tọ́jú jù láyé mi, òun náà ló sì dé ilé tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi itan ṣẹ́, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní: ọjọ́ tó wọ wọ́ọ̀dù ni ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọjọ́ tí aláìsàn bá wọ wọ́ọ̀dù ló yẹ ká ti máa múra sílẹ̀ de ọjọ́ tó máa jáde. Bí a bá dúró di ọjọ́ tí dókítà bá fọwọ́ síwèé, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Dókítà àgbà á yípo wọ́ọ̀dù láàárọ̀, àwọn dókítà kéékèèké á tẹ̀ lé e. Á dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, á wo fáìlì, á ní, "Ara màmá ti ń yá, wọ́n lè máa lọ sílé." Ó parí, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Láti ìgbà yẹn, eré owó ló kù. Ẹnì kan wà lórí ìlà ìsanwó, ẹnì kan ń wá ibi tí POS ti ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan ń pe àwọn ẹbí pé ó ku díẹ̀ kí owó pé. Kí rìsíìtì tó jáde, ilẹ̀ ti ń ṣú. Nọ́ọ̀sì tó mọ aláìsàn yín tinú tòde ti lọ sílé rẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ kò tíì mọ̀ yín. Wọ́n á kó oògùn sínú ọ̀rá, wọ́n á ní, "Ó wà nínú ìwé." Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ fẹ́ ráyè kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà nínú ìyẹn?

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Mo ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi. Ìlú mìíràn ni wọ́n ń gbé, ọsibítù ibẹ̀ ni wọ́n gbé wọn lọ, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Mò ń lọ, mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ni mo ṣe jókòó ti ìyá mi, mi ò jókòó bíi nọ́ọ̀sì. Gbogbo ohun tí mo máa ń sọ fún ẹbí aláìsàn pé kí wọ́n béèrè, mi ò béèrè ọ̀kankan. Ọjọ́ Jímọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní ká máa gbé wọn lọ. A gbé wọn dé ilé tí mo ti dàgbà, a wá rí i pé àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níwájú ilé yẹn. Mẹ́rin péré! Láti kékeré ni mo ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ nínú wa. Orí àga oníke la gbé wọn lé, ọkùnrin mẹ́ta gbé wọn gòkè, apá wọn tó ti rọ ń fì sọ́tùn-ún sósì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Àwọn ará àdúgbò ti pé síta láti kí wọn káàbọ̀. Ìyá mi, tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Aláṣọ, tí kì í jáde láìwé gèlè, wọ́n gbé wọn kọjá lójú èrò bí àpò gààrí. Wọ́n di ojú wọn. Mo rí i pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dì í ni.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Bí ara aláìsàn yín bá ti ń balẹ̀ díẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, ẹ kí i dáadáa, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ fún bàbá lọ́la, ẹ jẹ́ kí n wà níbẹ̀." Ọjọ́ kìíní, ẹ máa wò. Ọjọ́ kejì, ẹ bá a di ibì kan mú. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é, kí òun dúró kó máa wò yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe lórí yíyí i padà, lórí fífún un lóúnjẹ, lórí rọ́bà ìtọ̀, ìyẹn rọ́bà tó ń gbé ìtọ̀ jáde sínú àpò, bí ó bá wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín tí ẹ sì mi orí, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ẹ bá ṣe é lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó ní ó dáa, ìgbà yẹn lẹ tó mọ̀ ọ́n. Kí ó má sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló máa kọ́ ọ. Ó kéré tán, kí ó jẹ́ ẹni méjì nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. N'Ábẹ́òkúta lọ́hùn-ún, ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ṣe ohun kan ní Aró tí àwọn oníṣègùn láti orílẹ̀-èdè mìíràn ń wá wò. Àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, kò kó gbogbo wọn ti mọ́ inú ọgbà ọsibítù. Abúlé tó wà nítòsí ni ó fi wọ̀ wọ́n sí, kí ẹbí kan sì bá aláìsàn wá láti máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń padà sí abúlé lálẹ́. Ẹbí wà lára ìtọ́jú láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà nígbà tí aláìsàn bá fẹ́ máa lọ sílé, ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ nílé ti mọ iṣẹ́ náà. Àìsàn tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí à ń sọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn, ṣé ó yẹ ká sọ ọ́ nù?

Kí ẹ tó kúrò, ẹ gba ìwé tí dókítà kọ ohun tó ṣe aláìsàn yín àti ohun tí wọ́n ṣe fún un sí. Ẹ fi fóònù ya á, torí dókítà mìíràn tó bá fẹ́ wò ó máa béèrè rẹ̀. Ẹ béèrè pé: nínú oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀, èwo ló gbọ́dọ̀ dá dúró? Ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gbé oúnjẹ mì? Ọjọ́ wo la máa padà wá, ọ̀dọ̀ dókítà wo? Bí nǹkan bá yí padà lóru, nọ́ńbà ta la máa pè? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹni tó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kejì: ilé tí ó ń bọ̀ wá bá

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, ojú lẹ máa fi rí i. Ẹ lọ sílé lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ rìn ín bí ẹni tí kò lè rìn. Láti ibi tí mọ́tò máa dúró sí, títí dé yàrá, títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ibo ni àtẹ̀gùn wà? Ibo ni ilẹ̀ ti ń yọ̀? Bí ó bá máa lo kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ẹ mú téèpù. Ọ̀pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ yẹn fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 65, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ilé wa mìíràn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe fún un, kódà bó jẹ́ pálọ̀ ni ẹ máa fi kọ́tìnì pín sí méjì.

Ẹ ká rọ́ọ̀gì àti ẹní kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ pe káfíńtà, kí ó gbẹ́ ihò sáàárín àga onígi tó lágbára, kí ó fi apá sí i lọ́tùn-ún lósì, ẹ gbé póò sábẹ́ rẹ̀. Àga ìgbọ̀nsẹ̀ ti dé nìyẹn, ó sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá lè dìde, kí bẹ́ẹ̀dì má ga jù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kanlẹ̀ bó bá jókòó. Bí kò bá lè dìde rárá, ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè kí ẹ̀yìn ẹ̀yin tó ń tọ́jú rẹ̀ má baà ṣẹ́. Ẹ fi agogo kékeré sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó dára ti lè tó o. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò já gaara mọ́, agogo ni ohùn rẹ̀ lóru.

Iná ńkọ́? Ẹ̀yin tí aláìsàn yín ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tí fíríìjì yín kì í tutù, àwọn ìyá wa ti ní ojútùú. Ìkòkò amọ̀, ẹ gbé e sínú ìkòkò tó tóbi jù ú lọ, ẹ fi yanrìn tútù sáàárín méjèèjì, ẹ máa wọ́n omi sí yanrìn yẹn, kí ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Ẹ di ínsúlínì sínú ọ̀rá kí omi má kàn án. Ó ń tutù níbẹ̀ ju orí tábìlì lọ. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó bá ń lo ẹ̀rọ oníná tó ń fún un ní atẹ́gùn tó ń mí, ẹ má gbé e délé láìsí ohun tí ẹ máa lò bí iná bá lọ. Lórí ìyẹn, mi ò gba àwáwí kankan.

Ọ̀rọ̀ kẹta: awọ, ọ̀fun, àti oògùn

Níbí ni mo fẹ́ kí á dúró sí dáadáa, torí níbí ni aláìsàn tó yè bọ́ ní ọsibítù ti máa ń ṣubú nílé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ìyá mi délé, mò ń fi ìpara pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi dé gìgísẹ̀ òsì, ọwọ́ mi dúró. Ó gbóná ju ti ọ̀tún lọ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Mo gbé fìtílà sún mọ́ ọn: àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú ju ibi yòókù lọ, ó ń lọ sí àwọ̀ àlùkò. Egbò ìdùbúlẹ̀ ni. Kò tíì bẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ awọ, ẹran ti ń kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Oṣù mẹ́rin la fi wẹ̀ ẹ́ kó tó jiná.

Ẹ gbọ́ ohun tó jẹ mí lọ́kàn níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ sọ pé kí á máa wo ibi tó bá pọ́n. Awọ ta ló ń pọ́n? Ara àwa aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ fi pípọ́n hàn. Nítorí náà, ẹ má fi ojú nìkan wò ó, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ibi tó gbóná, ibi tó le gbagidi, ibi tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ibi tó dúdú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ibi tó ń dùn ún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Lójoojúmọ́, nígbà ìwẹ̀: ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, ìgúnpá, èjìká, ẹ̀yìn orí, kódà etí.

Kí ló ń fà á? Egungun ń tẹ ẹran mọ́ fóòmù, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà débẹ̀. Ẹni tó bá lágbára á yí ara rẹ̀ padà lójú oorun láìmọ̀, aláìsàn yìí kò lè ṣe é. Nítorí náà, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì: ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ kọ ọ́ sára páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹni tó bá yí i kí ó kọ aago sí i. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀, láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan fóòmù rárá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ká aṣọ bí òṣùká, wọ́n á gbé ìdí aláìsàn lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Etí òṣùká yẹn á tẹ ara yípo, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé àárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi sípírítì ra ibi tó ti dúdú. Àwa nọ́ọ̀sì àtijọ́ la kọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwa náà. Ìmọ̀ ti yí padà. Ó ń gbẹ awọ, rírà yẹn sì tún ń ba ẹran abẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ó ku ọ̀fun. Rọpárọsẹ̀ lè mú kí ọ̀fun gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ tó yẹ kó lọ sí ikùn á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìyàwó kan wà, obìnrin rere, ó nífẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ gidi. Ó se ẹ̀kọ mímu, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, ọkùnrin náà fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ó ń fi ṣíbí ńlá rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ọkọ wúkọ́. Ìyàwó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ gbé e mì." Ó rọ ìyókù. Ọjọ́ kẹta, ibà ti dé, èémí ti ń fà, wọ́n ti padà sí wọ́ọ̀dù tiwa. Ta ló fẹ́ dá obìnrin yẹn lẹ́bi? Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Ẹ gbé e jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, kí àgbọ̀n rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí àyà. Ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, kò ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Ẹ dúró kó gbé e mì kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Omi lásán ló sábà máa ń gba ọ̀nà òdì jù, ó ń sáré ju ọ̀fun lọ, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò bí ohun tó máa mu ṣe gbọ́dọ̀ ki tó. Bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bíi pé omi wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó gbé e mì, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ó bá jẹun tán, ẹ fi ìka tí ẹ fi aṣọ mímọ́ wé wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ apá tó rọ, oúnjẹ máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Kí ó wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i.

Oògùn wá kù. Bàbá kan lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n fún un ní tuntun. Ọmọ rẹ̀ kó tuntun fún un, ó kó ti tẹ́lẹ̀ fún un pẹ̀lú. Páálí yàtọ̀, orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ gàdàgbà síwájú yàtọ̀, àmọ́ lẹ́tà wínníwínní tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà: amlodipine níhìn-ín, amlodipine lọ́hùn-ún. Ọjọ́ kẹrin, bàbá dìde láti tọ̀, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lulẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé pátá sínú àpò kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà tàbí apòògùn ní ọjọ́ ìdásílẹ̀, kí wọ́n ṣà á níwájú yín. Àgbo náà, ẹ sọ ọ́. Mi ò ní kí ẹ sọ àgbo nù, mo ní kí ẹ má fi pamọ́. Bí bípì bá sì wá sílẹ̀ dáadáa, ẹ má dá oògùn dúró. Oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: ọwọ́ ta?

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Nígbà tí àìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ẹbí á pé jọ. Ó di oṣù kejì, ta ló kù?

Mo mọ ìdílé kan, ọmọ mẹ́fà. Mẹ́ta wà lókè òkun: ọ̀kan ní London, méjì ní Amẹ́ríkà. Ọmọ rere ni gbogbo wọn. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tó ń fi iná gbéra sókè fún bàbá wọn. Ó rẹwà. Wọ́n ya fídíò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí, àdúrà rọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè nínú gbogbo wọn pé ta ló ń yí bàbá padà ní aago méjì òru. Ọmọbìnrin kẹrin ni, ẹni ọdún 46, tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó tó oṣù márùn-ún kó tó sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá mi wá sí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n wọn bípì tirẹ̀ náà. 180 lórí 110. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Mà, kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn ló ń fowó ránṣẹ́."

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ bá mi jíṣẹ́ yìí fún wọn. Owó ṣe pàtàkì, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí owó náà ra oorun. Kí wọ́n san owó ẹni tó máa wá jókòó ti bàbá ní òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ẹni tó wà nílé lè sùn. Bí ẹ bá máa gba olùtọ́jú, kí nọ́ọ̀sì tó kàwé wá wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kó rí ohun tó ń ṣe. Wíwọ aṣọ funfun nìkan kì í sọni di nọ́ọ̀sì.

Kí ìpàdé ẹbí sì wáyé kí aláìsàn tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ: ta ló ni òru? Ta ló máa gbé wọn lọ sí klíníkì? Ta ló ń ra oògùn kó tó tán? Elo ni oníkálukú máa mú wá, ní ọjọ́ wo nínú oṣù? Ẹ̀yin ọkùnrin, mi ò gbọ́ ọ rí pé òfin kan ní kí ọmọkùnrin má wẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, òwe yẹn kò sì sọ pé ọmọbìnrin nìkan ni ọmọ.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ máa bi í. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ló gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ lórí rẹ̀. Ìyá mi kò lè sọ ju "ó dáa" lọ fún oṣù mélòó kan. Ọjọ́ kan tí àwọn àlejò ń bọ̀, mo bi wọ́n pé, "Mà, ṣé kí n wé gèlè fún yín?" Ọwọ́ ọ̀tún wọn gbéra, wọ́n fọwọ́ tọ́ ògiri. Mo wo ibẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n tún tọ́ ọ. Kálẹ́ńdà ló wà níbẹ̀, fọ́tò obìnrin tó wé gèlè aláwọ̀ búlúù. Búlúù ni wọ́n fẹ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò yan aṣọ fún wọn mọ́ láìbi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ díẹ̀, kí n tó jókòó

Mo fẹ́ sáré sọ àwọn èyí. Bí ẹnu bá tún yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí apá bá ṣàdédé rọ sí i, bí ọ̀rọ̀ bá wọ́ lẹ́nu lójijì, ẹ má pe pásítọ̀ tàbí ààfáà kí ẹ tó pe ọkọ̀. Ẹ gbé e lọ ní kíákíá, kí wọ́n máa gbàdúrà bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, tó gbóná, tó ń dùn ún, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá wá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibà pẹ̀lú ikọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, bákan náà. Rọ́bà ìtọ̀, kí àpò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju ikùn lọ nígbà gbogbo, kó má sì kan ilẹ̀. Bí kò bá sí ìtọ̀ nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ti ká mọ́ra. Bí kò bá ká, ẹ pe ọsibítù.

Ó tó báyìí. Mi ò gbé fóòmù yìí wá torí kí n lè jókòó lé e. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ wá bá wa dùbúlẹ̀ síbí. Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká sọ pé apá òsì wọn ló rọ. Mo fẹ́ yí wọn kọjú sí mi, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn ni mo dúró sí. Apá ọ̀tún wọn, mo sún un kúrò lára kí wọ́n má baà dùbúlẹ̀ lé e. Apá òsì tó rọ, mo gbé e lé àyà wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ rí i pé mi ò fà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi apá tó rọ fa ènìyàn dìde, èjìká á yẹ̀. Orúnkún òsì, mo gbé e dúró. Ọwọ́ mi kan wà lẹ́yìn èjìká òsì, ìkejì wà ní ìbàdí. Mo tẹ orúnkún mi, ẹ̀yìn mi gún. Mo sọ fún wọn: "Mà, mo fẹ́ yí yín o." Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ẹ rí i? Mi ò gbé wọn, yíyí ni mo yí wọn. Ìrọ̀rí kan lẹ́yìn wọn, ọ̀kan láàárín orúnkún, ọ̀kan lábẹ́ apá òsì kó má baà já sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ padà fẹ̀yìn lélẹ̀. Ta ló fẹ́ yí wọn báyìí? Rárá, mà, ẹ jókòó. Ẹ̀yin bàbá tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mò ń bá wí. Ẹ bọ́ agbádá, sà. Ẹ máa bọ̀.